Ọjọ́ Tí Mùsbáù Fọwọ́ Kan Kòkó

Ife mẹ́fà ló wà nílé Mùyídéènì ní Òdòdè, l'Ìdànrè. Márùn-ún nínú wọn, ẹni tó bá wù ú lè fi mu ògì. Ẹ̀kẹfà ni Muslimah, ìyàwó ilé, fi ọ̀dà pupa kùn létí yíká, bí ẹni ń ṣàmì sára ìgò oògùn eku. Ife Mùsbáù, àbúrò ọkọ rẹ̀, nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé tirẹ̀ ni. Ọjọ́ tó ti ẹ̀wọ̀n dé ni ọ̀dà dé etí ife, ọmọkùnrin náà kò sì fọ́jú.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí à ń wí yìí, Mùsbáù jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògì inú ife pupa, àkàrà méjì wà nínú bébà lórí itan rẹ̀. Muslimah dúró lé e lórí.

"Mùsbáù, àkàrà mélòó ló wà níbẹ̀?"

Kó tó lọ sẹ́wọ̀n, "Bọ̀dá mi" ni Muslimah ń pè é, bí ìyàwó ṣe ń pe ọmọ ọkọ tó bá nílé. Wọ́n gba aṣọ rẹ̀ lẹ́nu géètì ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì dá a padà fún un nígbà tó ń bọ̀. "Bọ̀dá mi" ni wọn ò rí dá padà.

"Méjì ni."

"Mẹ́ta ni mo kó síbẹ̀."

"Méjì ni mo bá."

"Ẹ gbọ́. Méjì ló bá." Ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti dé títì. "Ọdún mẹ́rin ni ìjọba fi bọ́ ọ, wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ẹẹ́ta."

Màmá Mùíbàt, ìyá tó bí Mùyídéènì tó bí Mùsbáù, yọ láti ilé ìdáná. Ẹnu rẹ̀ kún. Ó gbé ohun tó wà níbẹ̀ mì, ó fi ìka nu ètè.

"Èmi ni mo mú ẹyọ kan," ló wí. "Mo fi tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò."

Muslimah wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wo àkàrà, ó wọlé lọ. Kò bẹ Mùsbáù. Ẹni tí wọ́n bá ti lẹ orúkọ olè mọ́ lára, wọn kì í bẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀sùn tí kò jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n á kàn ká a pamọ́ de ọjọ́ mìíràn.

Mùyídéènì náà jáde, jàlàbíà funfun lọ́rùn, pákò lẹ́nu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ra kòkó tútù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Ofosu, kó sá a níwájú ilé lórí tapólì, kó tà á nígbà tó bá gbẹ. Láyé ìsinsìnyí tí kòkó ti wọ́n bíi wúrà, tí àwọn èèyàn ń sùn ti igi rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ àfẹ́sọ́nà, kò sí ohun tó tún ká a lára ju tapólì yẹn lọ.

"Òní ni obìnrin ìjọba yẹn ń bọ̀, àbí?"

"Òní ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Aago mẹ́rin."

"Bí mi ò bá sáìn ńkọ́?"

"Wọ́n á dá mi padà. Oṣù mọ́kànlá ló kù."

"Bí mo bá sáìn ńkọ́?"

"Mo dẹni tó ń gbélé nìyẹn."

Bí a bá yọ "òní" kúrò, ogún àárọ̀ ni wọ́n ti jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí láì yí ẹyọ kan padà. Ó ń dùn mọ́ Mùyídéènì ju ògì lọ. Adájọ́ àgbà ló ṣàbẹ̀wò sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ó ní kí àwọn kan máa lọ kí ọjọ́ wọn tó pé, bí ẹbí tàbí ará àdúgbò tó nílé tirẹ̀ bá lè fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún pé òun dúró fún wọn. Òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógún.

"O rántí ohun tí o búra?"

"Mo rántí."

Ọjọ́ tó dé, kó tó wẹ̀, kó tó mu omi, Mùyídéènì ti gbé Kùránì síwájú rẹ̀. Ó ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, kó sọ pé ọwọ́ yìí ò tún ní kan kòkó mọ́ nínú ilé yìí, ìbáà ṣe hóró kan. Mùsbáù sọ ọ́. Kòkó ló sọ ọ́ dèrò ẹ̀wọ̀n, àpò méjì péré tó jí níbi tó ti ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kó búra pé òun ò ní wo òṣùpá mọ́ láyé, ì bá búra. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Mùyídéènì mọ òwe náà dáadáa. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi ń ká etí jàlàbíà sókè kó má baà wọ́lẹ̀.

"Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò tí ì pinnu," ló wí, ó tu pákò dànù. "Ọkàn mi ń lọ, ó ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó bọ̀."

"Ojú ẹ ti là jù. Gbélé síbẹ̀."

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, gbogbo ilé gbéra lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní ìsàlẹ̀ títì. Gbogbo àdúgbò ló ń lọ, nítorí màlúù ni wọ́n pa, kì í ṣe àgbò. Mùsbáù nìkan ni wọn ò pè. Mùyídéènì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn iwájú, ó ti tẹ̀yìn, ó mi méjèèjì wò. Ó wá kọjá sí òdìkejì títì lọ bá Bàbá Akínkúnmi, onílé tó dojú kọ wọ́n. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n tó fi jẹ́ pé ààbọ̀ omi rẹ̀ ló máa ń dé ẹnu.

"Bàbá, ẹ bá mi ṣọ́ kòkó."

"Kí n bá ọ ṣọ́ ọ nítorí ewúrẹ́?"

"Nítorí ewúrẹ́ àti nítorí ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé."

"Ojú mi méjèèjì ń bẹ lára rẹ̀," ni Bàbá wí. Kí Mùyídéènì tó dé ìyànà, méjèèjì ti pa dé.

Òjò Ìdànrè kì í ránṣẹ́ ṣíwájú. Ẹ̀yìn òkè ló máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ ó máa wo oòrùn lórí àpáta níhìn-ín, láì mọ̀ pé òjò ti sán bàǹtẹ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìrun àílà díẹ̀, Mùsbáù gbọ́ afẹ́fẹ́ tó gbé páànù ilé ìdáná sókè. Ó yí sí iwájú ilé. Orí òkè ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Kòkó tẹ́ sílẹ̀ lórí tapólì, ó kù díẹ̀ kó gbẹ tán. Òjò kan ṣoṣo, ó di ohun à ń kó fún ìdin.

"Bàbá," ni Mùsbáù ké pè lódìkejì. "Bàbá Akínkúnmi. Òjò."

Bàbá ń hanrun.

Ó sáré lọ, ó mi àga rẹ̀. Bàbá la ojú kan, ó rí i pé Mùsbáù ni, ó di àpò owó rẹ̀ mú, ó sùn padà. Mùsbáù kanlẹ̀kùn Tolúlọpẹ́ tó ń ta ọṣẹ, kò sí nílé. Ó kanlẹ̀kùn ilé tó tẹ̀lé tirẹ̀. Màlúù ti kó gbogbo àdúgbò lọ.

Ó wá dúró sẹ́bàá tapólì, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan àkàrà olùkọ́. Bó bá kó o, ó da Kùránì. Bí kò bá kó o, wọ́n á ní òun ló pe òjò. Ó fi ẹsẹ̀ gbá hóró tó fò jáde padà sáàárín. Ó wo ẹsẹ̀ náà. Ó gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ ká etí tapólì, afẹ́fẹ́ gbé e mọ́ ọn lójú, ó fi ìdí gúnlẹ̀. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i níwájú orí, ó tóbi tó ẹ̀wà.

Ó ní, "Ọlọ́run, ìwọ náà rí i." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì kó kòkó.

Àpò wà ní kọ̀rọ̀ fàráńdà, okùn àti abẹ́rẹ́ ńlá wà nínú wọn. Ó rọ àkọ́kọ́ kún, ó wọ́ ọ sábẹ́ òrùlé. Ó rọ ìkejì kún, ó rọ ìkẹta kún. Nígbà tó wọ́ ìkẹrin gòkè, òjò já, ó já bí ẹni tí inú ń bí. Fàráńdà ń jò, atẹ́gùn ń fẹ́ omi wọlé, ó sì di dandan kó rán ẹnu àpò pa. Ọdún mẹ́ta nínú mẹ́rin ló fi rán àpò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀wọ̀n. Ọwọ́ tí iṣẹ́ bá ti mọ́ lára kì í bi olúwa rẹ̀ léèrè. Ó rán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ká tapólì, ó sáré padà sẹ́yìnkùlé, ó lọ jókòó sínú òjò kí ara rẹ̀ lè tutù bí ara ẹni tí kò ṣe nǹkankan.

Nígbà tí òjò dá, Mùyídéènì sáré dé, jàlàbíà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ òkú fún. Ó dé iwájú ilé, ó dákẹ́. Àpò mẹ́rin tò sí fàráńdà bí àwọn ìyàwó tuntun.

Ó fọwọ́ kan wọ́n. Gbígbẹ.

Ó wò yíká, ó rí Bàbá Akínkúnmi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó ń na ara. Ó sáré kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, jàlàbíà funfun di jàlàbíà alámọ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ gbà mí. Ẹ ò ní rí ibi."

Bàbá wo Mùyídéènì. Ó wo àpò mẹ́rin ní òdìkejì. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì tó ń gbọ̀n.

"Ṣebí èèyàn náà la jẹ́," ni Bàbá wí.

Báyìí ni abọ́ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ, pẹ̀lú ẹran màlúù mẹ́rin, ṣe tọwọ́ Muslimah bọ́ sọ́wọ́ Bàbá Akínkúnmi. Àwọn ará àdúgbò tó ń bọ̀ dúró wò. Tolúlọpẹ́ ní, "Àgbà ò wà, ìlú bàjẹ́. Ẹ wo agbára lára arúgbó." Bàbá ní egungun òun ti òkè lọ́hùn-ún wá ni, níbi tí àwọn baba ńlá òun ti ń gbé omi gun àpáta kó tó di pé ìlú sọ̀ kalẹ̀. Ó jẹ ẹran kan.

Mùsbáù yọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé, omi ń kán lára rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ jó. Kòkó là, ìbúra là, fọ́ọ̀mù ń bọ̀. Ó ní, "Mo rí Bàbá. Wọ́n ń gbé àpò bí ìrọ̀rí."

"O rí wọn?" Muslimah kọjú sí i. "Bàbá arúgbó ń gbé àpò kòkó, ìwọ géńdé ń wò?"

"Mo ti búra pé..."

"Ṣé o búra pé o ò ní bá àgbà di okùn mú ni? Ọ̀lẹ. Ohun tó gbé ẹ dé ẹ̀wọ̀n náà nìyẹn, ọ̀lẹ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́."

"Ojú mi ń rí nǹkan," ni Tolúlọpẹ́ wí. "Ká ní ojúmọmọ kọ́ ni, ṣé àpò mẹ́rin la ó bá?"

Mùyídéènì mi orí. "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹní jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora."

Mùsbáù gba gbogbo rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń kì. Màmá Mùíbàt sún mọ́ ọn. Ó wo ìka méjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ lórí wọn. Ó wọlé, ó mú ẹran tó tóbi jù nínú èyí tó gbé bọ̀, ó fi sí ọwọ́ rẹ̀ láìfi sínú abọ́ kankan, ó sì kúrò níwájú rẹ̀ kíákíá.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mọ́tò ìjọba dúró níwájú ilé. Ìyáàfin Agatha Dúrótoyè ló sọ̀ kalẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn tó bá kúrò lẹ́wọ̀n. Àkúrẹ́ ló ti wá, fọ́ọ̀mù wà nínú fáìlì lábíyá rẹ̀. Èèyàn rere ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó kí gbogbo ènìyàn, ó béèrè Mùsbáù, ó ní ó ti sanra, èyí tó jẹ́ irọ́. Wọ́n gbé àga fún un sí fàráńdà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò.

"Ọ̀gá, ṣé ilé yín nìyí?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ṣé ẹ gbà kó máa gbé ọ̀dọ̀ yín?"

Mùyídéènì ti dìde dúró. Àwọn ará àdúgbò ti tò sí ẹnu ọ̀nà, ó sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń lo èrò ìwòran. "Màdáámù," ló wí, "ọjọ́ tó dé ni mo ti fún un ní òfin kan ṣoṣo. Kùránì ló fi búra. Títí di òní, mi ò gbọ́ pé ó rú u. Ọmọ ìyá mi ni. Èèyàn kì í bínú orí kó fi fìlà dé ìbàdí. Màá sáìn."

Màmá Mùíbàt fi ọwọ́ bo ojú. Mùsbáù dọ̀bálẹ̀. Ìyáàfin Agatha yọ gègé, ó nà án sí Mùyídéènì. Bí ó ti ń tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí àpò kòkó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí onílé lè rí ibi kọ̀wé sí, ìka rẹ̀ kan ẹnu àpò.

Ó tẹ̀ síwájú. Ó fi ọwọ́ tọ ojú okùn náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó wo àpò kejì. Ó wo ìkẹta.

"Mùsbáù," ló wí, ojú rẹ̀ tàn bí fìtílà. "Ìwọ lo rán èyí."

Mùsbáù wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Kò gbé orí sókè.

"Kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ wò ó, Ọ̀gá. Abẹ́rẹ́ á lọ, á padà, á so lẹ́ẹ̀kẹrin. Ṣọ́ọ̀bù wa nìkan ni wọ́n ti ń rán an báyìí, ojú mi ló ṣe kọ́ ọ." Ó ti yọ fóònù, ó ń ya àpò ní fọ́tò. "Àwọn kan ń sọ pé à ń fi owó ìjọba ṣòfò lórí wọn. Èyí gan-an là ń pè ní àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí n ya ẹ̀yin náà mọ́ ọn."

Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ní òdìkejì títì, Bàbá Akínkúnmi dá ẹran ẹnu dúró, kò jẹ ẹ́, kò tu ú.

Mùyídéènì dé gègé padà.

"Ṣé ìwọ lo kó kòkó?"

"Òjò ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò bi ọ́ léèrè òjò."

"Èmi ni."

"Pẹ̀lú ọwọ́?"

"Mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ gbìyànjú."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó rí i pé òun nìkan ni, ó pa á mọ́ra.

"Ọ̀gá, ó gba kòkó yín lọ́wọ́ òjò," ni Ìyáàfin Agatha wí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ojú tí wọ́n fi ń wo òun.

"Mi ò ní kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó da Kùránì nítorí òjò, kí ni yóò ṣe nítorí owó? Ó tún fi pamọ́ fún mi. Ó dúró níbí yìí, ó ń jẹ́rìí èké fún Bàbá. Màdáámù, ẹni tó bá lè fi ire pamọ́ báyìí, ẹ wo bí yóò ṣe fi ibi pamọ́."

Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dún bí ọgbọ́n.

"Mùyí," ni Màmá Mùíbàt wí. Ó ti kúnlẹ̀, ìyá níwájú ọmọ, orúnkún méjèèjì lórí símẹ́ńtì tútù. "Bí kòkó yẹn bá rẹ lónìí, kí lo máa ṣe fún un?"

Mùyídéènì yẹra kí ìyá má baà wà níwájú òun. Ìyá yí tẹ̀lé e, ó tún yẹra. Wọ́n yí àpò kòkó ká lẹ́ẹ̀kan báyẹn.

"Ẹ wo nǹkan tí olè ń fi ojú ìyá rẹ̀ rí," ni Muslimah wí.

"Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹbí," ni Ìyáàfin Agatha wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. "Ará àdúgbò tó bá nílé tirẹ̀ lè dúró fún un. Òfin gbà á. Ẹ jọ̀ọ́. Bí mi ò bá rí ẹni fọwọ́ sí i lónìí, èmi gan-an ni màá mú un padà."

Gbogbo ojú yí sí òdìkejì títì. Bàbá Akínkúnmi rọra gbé abọ́ sílẹ̀.

"Èmi?" ló wí. "Mi ò rí nǹkankan lónìí. Oorun ló gbé mi lọ."

Ó sọ òtítọ́ nígbà tí kò wúlò mọ́. Ó tún gbé abọ́ náà, nítorí ẹran kan ṣì kù.

Mùsbáù dìde láti ìdọ̀bálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní kó dìde. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó mú ọ̀rá tó fi kó ẹ̀wù rẹ̀ méjì dé. Nígbà tó padà, Ìyáàfin Agatha ti ń kọ nǹkan sórí fọ́ọ̀mù, kò wo ojú rẹ̀. Mùyídéènì ń ṣa ewé gbígbẹ kúrò lára àpò. Màmá Mùíbàt ti wà lẹ́bàá mọ́tò, ó di etí ilẹ̀kùn mú, kò jẹ́ kó ṣí.

"Màdáámù," ni Mùsbáù wí, "aago márùn-ún ni wọ́n ń pín oúnjẹ alẹ́. Ṣé a máa bá a?"

Ìyáàfin Agatha wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Bí a bá gbéra báyìí."

Mùsbáù rọra tú ìka ìyá rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wọ mọ́tò, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.